Àpá ojú mi ló ń ṣe ìkà, èmi kọ́ o: ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí iṣẹ́ tíátà yìí

Ọmọ Ìjẹmọ̀

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, mi ò kì í dá sí i, ṣùgbọ́n eléyìí ti ń jẹ mí lọ́kàn jù ni mo ṣe ní kí n gbé e wá.

Òṣèré ni mí. Kì í ṣe irú èyí tẹ́ ẹ máa rí fọ́tò ẹ̀ lára pósítà o, èmi ni ẹni tó máa ń dúró lẹ́yìn ọ̀gá àwọn adigunjalè tó máa ní "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká pa á". Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti wà lábẹ́ ọ̀gá mi nínú kọ́kọ́ọ̀sì wa, ẹgbẹ́ òṣèré wa ní ìlú yìí, nínú gbogbo fíìmù tí mo ti ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ṣe èèyàn dáadáa, dírẹ́bà ni mo ṣe, wọ́n sì pa mí ní sínì kejì. Ohun tó fà á ò ju àpá tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lọ. Ìgbà tí mo wà ní praimari fáìfù ni mo já lórí kẹ̀kẹ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ládùúgbò wa, irin géètì ló fà mí lójú ya. Dáírẹ́kítọ̀ tó bá ti rí àpá yẹn báyìí ọ̀rọ̀ ti parí, "ìwọ lo máa ṣe jàǹdùkú".

Ìyàwó mi ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Oṣù tó kọjá oníbàárà kan wá láti Èkó, wọ́n ti ná ọjà títí wọ́n ti fẹ́ẹ́ sanwó, bí mo ṣe yọ sí wọn báyìí tí mo gbé oúnjẹ wá fún ìyàwó mi ni oníbàárà yẹn gbá báàgì ẹ̀ mọ́ra, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Títí di òní wọn ò tíì dé. Ọmọ mi náà tún wá sọ fún mi pé àwọn ọmọ kíláàsì òun ń sọ pé bàbá òun ń jí ọmọ gbé. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ fi í rín, ṣùgbọ́n nígbà tó di alẹ́ mi ò rí oorun sùn.

Ohun tó wá délẹ̀ báyìí ni pé iṣẹ́ méjì wọlé pọ̀. Ọ̀kan, wọ́n ní kí n wá ṣe olórí ajínigbé nínú fíìmù alápá mẹ́wàá tí wọ́n fẹ́ gbé sórí YouTube, owó ẹ̀ dáa. Èkejì, pásítọ̀ ni, sínì mẹ́ta, owó ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju owó mọ́tò lọ. Ìyàwó mi ní pásítọ̀ ni kí n ṣe. Ọ̀gá mi ní tí mo bá lọ ṣe pásítọ̀, orí mi ò pé nìyẹn. Mo wá ń ro ti Bàbá Àgbákò, Charles Olúmọ, ọmọ ìlú wa níbí. Ìkà ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe nínú fíìmù, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ wọ́n. Báwo ni wọ́n ṣe rí i ṣe? Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ mọ̀tàn ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí, ó ń ṣe mí bíi pé ó ti ń pẹ́ jù.

Bàbá Láfẹ́nwá

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Ṣé o rí ibi tó o ti kọ ọ́ pé ó ti ń pẹ́ jù yẹn, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 19 oṣù kejì ọdún 1923 ni wọ́n bí Bàbá Àgbákò. Tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, WNTV ti Ìbàdàn, ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ló bẹ̀rẹ̀. Bá mi ṣe ìṣirò ẹ̀. Bàbá ti pé ọdún mẹ́rìndínlógójì kí ẹnikẹ́ni nílẹ̀ yìí tó lè wò wọ́n nínú àpótí, wọ́n ti jù ẹ́ lọ nígbà yẹn. Ìwọ wá ń sọ̀rọ̀ ó pẹ́ jù. Tiẹ̀ tún wò ó, ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá yẹn náà ni wọ́n kú, ní 2024, wọ́n jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún. Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ọ mo ní háà, ọjọ́ tí wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n ni ìkà orí tẹlifíṣọ̀n lọ sùn.

Abdulsalam Sànyàolú ni orúkọ wọn gan-an. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé báwo ni Mùsùlùmí ṣe wá ń jẹ́ Charles, mo ní ẹ ò mọ Abẹ́òkúta nìyẹn, ìlú tí Lèmọ́mù àti Bíṣọ́ọ̀bù ti ń jẹ láfún nínú abọ́ kan náà. Olúmọ yẹn, èmi ò ní ṣàlàyé ẹ̀ fún ọmọ Ẹ̀gbá. Àgbákò ni kó o ronú sí. Ta ló ń sọ ọmọ ní Àgbákò? Ẹni tó bá kò àgbákò, a mọ̀ pé ibi ló pàdé lọ́nà. Fágúnwà náà, abàmì tó dènà de Àkàrà-Ògùn nínú igbó ló fún lórúkọ yẹn. Ohun tí èèyàn fi ń ṣépè ni Bàbá gbé wọ̀ bí agbádá, wọ́n sì gbé e káàkiri títí tó fi bo orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n lọ́jọ́ kẹjọ mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ mi ò mọ Abdulsalam kankan. Àmọ́ bí wọ́n bá ti gbọ́ Àgbákò nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, abẹ́ àga ni wọ́n ń sá wọ̀.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ti lé ní àádọ́rin ọdún, mo mọ ìgbà tí tíátà ń fi bọ́ọ̀sì wọ ìlú. Wọ́n á kun ara bọ́ọ̀sì, orúkọ ọ̀gá á wà níbẹ̀ gàdàgbà, wọ́n á so gbohùngbohùn mọ́ orí ẹ̀, onílù á jókòó sókè, wọ́n á yí gbogbo Sápọ̀n po dé Ìtòkú, àwa ọmọdé á máa sáré tẹ̀ lé e. Ogunde ọmọ Ọ̀sọsà ló la ọ̀nà yẹn, ọlọ́pàá ni tẹ́lẹ̀ kó tó yà sídìí eré. Ẹni tí kò bá rówó wọlé a máa yá ìwé Atọ́ka kà, èyí tí wọ́n ń fi fọ́tò àwọn òṣèré sọ ìtàn bíi fíìmù, a ó kà á kà á títí páálí iwájú ẹ̀ á fi já. Ẹni tó ń ṣe ìkà ni gbogbo wa máa ń wá nínú ẹ̀. Olólùfẹ́ méjì tó di ọwọ́ ara wọn mú, ta ló rántí wọn?

Ẹlẹ́nu Dídùn

Bọ̀ọ̀dá mi èmi ò ní ọ̀rọ̀ ọgbọ́n o. Kàn jẹ́ kí ìyàwó ẹ máa gbé ẹ dání lọ gba gbèsè àdìrẹ. O ò ní sọ̀rọ̀, ṣáà dúró sẹ́yìn ẹ̀. Gbèsè ọdún mẹ́ta á wọlé kí ó tó di Jímọ̀ 😂😂

Tọ́pẹ́ Ọbántokò

Ẹ má bínú Bàbá, ṣé kì í ṣe Bàbá Àgbákò yẹn ni Fádèyí Olóró náà? Èyí tó máa ń pe ọfọ̀ tí iná á máa jó lójú ẹ̀ nínú Àrélù?

Bàbá Láfẹ́nwá

Tọ́pẹ́, rárá o. Ọ̀tọ̀ ni ti Fádèyí Olóró, Òjó Arówóṣafẹ́ ni orúkọ tiẹ̀, oṣù kẹta 2023 ló kú. Jimoh Aliu tí à ń pè ní Àwòrò ló ni Àrélù, òun náà kú ní 2020, Òrìṣàbùnmi tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ tẹ̀ lé e ní oṣù kìíní 2021. Ọ̀fọ̀ yẹn dùn wá púpọ̀. Ṣùgbọ́n o rí nǹkan, bó o tilẹ̀ ṣì wọ́n pè, o ò gbàgbé ojú ẹnìkankan nínú wọn.

Adúnní Onímákẹ́ọ̀pù

Bọ̀ọ̀dá Ọmọ Ìjẹmọ̀ ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ó jọ pé mo ti kun ojú yín rí o, ẹ̀rù ló ń bà mí láti bèèrè 😄. Lòkéṣọ̀n ni mo ti ń jẹun láti 2014, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Àkọ́kọ́, àpá yẹn. Mo máa ń lo bíi wákàtí kan láti fi ṣe irú ẹ̀ sójú ẹni tí kò ní, oògùn kan wà tí a ń fi fa awọ pọ̀ tó fi máa ń kì wọlé, tí oòrùn Abẹ́òkúta bá ti mú díẹ̀ ó ti fẹ́ẹ́ ṣí, mo tún máa sáré lọ tún un ṣe, dáírẹ́kítọ̀ á máa pariwo lé mi lórí pé àpá ti àná apá ọ̀tún ló wà. Ẹ̀yin gbé tiyín wá láti ilé, kì í ṣí, kì í yípadà. Tí wọ́n bá sì fẹ́ kí ẹ ṣe pásítọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi máa bò ó. Ẹ sọ fún àwọn dáírẹ́kítọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ̀ pé ó ṣeé bò, wọ́n rò pé bó ṣe wà nìyẹn.

Èkejì, ọ̀rọ̀ owó. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àáró ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ wa. Mo bá ọ ṣe tìẹ lónìí, ìwọ náà wá bá mi ṣe tèmi lọ́la, oúnjẹ àti owó mọ́tò. Àwọn olórí eré tó lẹ́wà, àáró tiwọn kì í pẹ́ tó fi ń dá, nítorí pé ọdún márùn-ún sí i ojú ti ń yí, ọmọ tuntun ti dé. Ẹni tó ń ṣe bàbá, tó ń ṣe babaláwo, tó ń ṣe ìkà, kò sí fíìmù Yorùbá tí wọn ò ní nílò ẹ̀. Bó ṣe ń dàgbà ni owó ẹ̀ ń lọ sókè.

Ẹ wo Olú Jacobs, ọmọ Ẹ̀gbá ni àwọn náà, Kano ni wọ́n bí wọn sí ní 1942. London ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ tíátà, ní RADA, wọ́n sì pẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n àwọn òyìnbó. Ṣé olórí eré ni wọ́n ń fi wọ́n ṣe níbẹ̀ ni? Ó tì o. Ọ̀gá ọlọ́pàá, aṣọ́bodè, irú ipa tí dúdú máa ń rí nígbà yẹn. Wọ́n wà nínú The Dogs of War ní 1980, wọ́n wà nínú Pirates tí Roman Polanski ṣe ní 1986. Ìgbà tí wọ́n délé, ìdúró yẹn àti ohùn yẹn ni wọ́n fi di ọba nínú fíìmù wa, ọmọ Ẹ̀gbá tí gbogbo ilẹ̀ Ìgbò ń kí ní Igwe! Wọ́n gba AMAA, àmì ẹ̀yẹ fíìmù ilẹ̀ Áfíríkà, ti òṣèrékùnrin tó dáa jù ní 2007. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà yẹn. Ọba ni wọ́n ń ṣe ní gbogbo ìgbà, kò sẹ́ni tó sọ pé ó sú òun.

Olùkọ́ Eré

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ṣíṣe, ẹ jẹ́ kí n dá sí i díẹ̀. Àti Bàbá àti Adúnní, òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n èmi rò pé ohun tó ń dun bọ̀ọ̀dá yìí kì í ṣe pé ó ń ṣe ìkà. Ìkà kan náà ló ń ṣe láti ọdún mẹ́sàn-án, ìkà tí kò nílé, tí kò ní ìyá. "Ọ̀gá ẹ jẹ́ ká pa á." Ta ló lè fẹ́ràn irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ẹ lọ wo Kọ́lá Oyèwọ̀ nínú Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání ṣe ní 1999. Lápìtẹ́, ọba tó kọ̀ láti búra torí kó lè kówó jẹ. Mo ti wo fíìmù yẹn tó ìgbà mẹ́wàá, mi ò rí ibi tí bàbá yẹn ti fi ojú burúkú wo kámẹ́rà. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó dá a lójú pé ẹ̀tọ́ òun lòun ń gbà. Ìkà ò mọ̀ pé òun ń ṣe ìkà, lójú tiẹ̀ àwọn tó kù ni kò ní láákàyè. Ọ̀mọ̀wé sì ni Kọ́lá Oyèwọ̀ o, ó ti kọ́ni ní fásitì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ ò sá fún un ní kíláàsì. Nínú fíìmù yẹn náà ẹ wo Adébáyọ̀ Fálétí tó ṣe Ọ̀pálábà, akéwì, àgbà òṣìṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn. Kì í ṣe òun ni olórí eré. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó wo fíìmù yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu Ọ̀pálábà ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín.

Nítorí náà bọ̀ọ̀dá, gba ajínigbé yẹn. Ṣùgbọ́n kó o tó dé lòkéṣọ̀n, mọ ohun tó jẹ láàárọ̀. Mọ ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ sí. Ọkùnrin tó jí ọmọ ẹlòmíì gbé tó wá ń pe ọmọ tiẹ̀ lórí fóònù pé ṣé ó ti ṣe àṣetiléwá, ìyẹn ló ń bani lẹ́rù. Má pariwo. Ẹni tó ń pariwo ń wá ẹni tó máa bẹ̀rù ẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó kù, jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: iye ọjọ́ iṣẹ́, iye owó, àti ibi tí orúkọ ẹ máa wà. Àwọn baba wa ò rí èyí ṣe, ìyà ẹ̀ sì jẹ wọ́n. Bàbá Sàlá tó pa gbogbo Nàìjíríà lẹ́rìn-ín, wọ́n jí Ọ̀run Móorú ṣe ní ẹ̀dà, fíìmù ọdún 1982 tó ná gbogbo owó ẹ̀ lé lórí, gbèsè ló bá yọ. Ẹnu ni wọ́n fi gbé àdéhùn nígbà yẹn.

Màmá Ìbejì Aṣerò

Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ iṣẹ́, ta ló máa sọ ti ọmọ yẹn? Ọmọ tí wọ́n ń sọ fún pé bàbá ẹ̀ ń jí ọmọ gbé, ṣé ẹ rò pé Ṣaworoidẹ ló fẹ́ wò ni?

Bàbá ọmọ, ẹ mú un lọ sí lòkéṣọ̀n lọ́jọ́ Sátidé kan. Ẹ jẹ́ kó rí ibi tí wọ́n ti ń po ẹ̀jẹ̀ yẹn. Bùrọ̀dá mi máa ń ṣe iṣẹ́ iná fún wọn, ó mú mi lọ rí, zóbò ni wọ́n fi ṣe ẹ̀jẹ̀, ẹni tí wọ́n ní ó ti kú tún ń bèèrè pé ṣé ó kù. Láti ọjọ́ náà mi ò bẹ̀rù Ìyá Gbọnkan mọ́. Èmi tí mo máa ń pa iná tí mo bá ti rí ojú màmá yẹn! Èèyàn jẹ́jẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ ni, àjẹ́ tí wọ́n ní kó ṣe ló ń ṣe. Tí ọmọ yẹn bá ti fi ọwọ́ ara ẹ̀ kan ìbọn onígi, òun fúnra ẹ̀ ló máa lọ tú àṣírí ní kíláàsì, á tiẹ̀ máa fi yangàn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ á máa tijú yín ni.

Ti ìyàwó, ẹ bẹ̀ ẹ́. Ẹ má bá a jiyàn. Ọjà tó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ yẹn, ẹ wá nǹkan fi pa á lẹ́rìn-ín.

Ẹlẹ́nu Dídùn

Màmá Ìbejì ẹ ti sọ tán. Ṣùgbọ́n èmi ò tíì yí ohùn mi padà lórí gbèsè yẹn o. Ẹnì kan wà ní Pánṣẹ́kẹ́ tó jẹ mí ní ogún ẹgbẹ̀rún, bọ̀ọ̀dá ẹ jọ̀ọ́ ẹ kàn bá mi kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀.

Ọmọ Ìjẹmọ̀

Ẹ kú ìfẹ́ o gbogbo yín, ẹ má bínú pé mi ò tètè padà wá, lòkéṣọ̀n ni mo wà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo gba ajínigbé yẹn. Mo tún ṣe pásítọ̀ náà, ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi yà á, Adúnní ẹ ṣeun, ẹni tó kùn mí bo àpá yẹn débi pé ìyàwó mi wo fọ́tò ó ní ta nìyí. Inú ẹ̀ dùn díẹ̀. Díẹ̀ ni mo sọ o.

Bàbá Láfẹ́nwá, ọ̀rọ̀ ọdún 1959 yẹn, mo kọ ọ́ sínú ìwé tí mo ń kọ skírípítì sí, mo ń wò ó láràárọ̀.

Olùkọ́, mo bi dáírẹ́kítọ̀ pé kí ni ajínigbé yìí ń jẹ láàárọ̀. Ó kọ́kọ́ wò mí bíi pé mo ti mutí. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ó ní ó dáa, a máa ya sínì kan níbi tí o ti ń jẹ láfún lọ́dọ̀ olóúnjẹ kan lẹ́bàá Kútọ̀ kó o tó lọ síbi iṣẹ́ ibi ẹ. Olóúnjẹ gidi ni, kì í ṣe òṣèré. A ti san owó fún màmá yẹn, a ti ṣàlàyé fún un pé fíìmù ni, kámẹ́rà wà níbẹ̀, iná wà níbẹ̀. Mo jókòó, mo sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bó o ṣe ní kí n ṣe, mo ní "Màmá, ẹ bu láfún fún mi, kí ẹ sì fún mi lẹ́ran kan". Màmá yẹn wo àpá mi, ó wo ojú mi, ó bu ẹran mẹ́ta lé e. Dáírẹ́kítọ̀ ní "cut", a tún un yà, ó tún bu mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la yà á. Nígbà tá a parí mo yọ owó pé kí n fún un lọ́tọ̀, ó ní rárá, kí n ṣáà máa lọ, kí n má tún padà wá.

Ọmọ mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òun ló jẹ gbogbo ẹran yẹn tán.